Ọdẹ́gbèmí ní Ilé Dígí Ayé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè rí àyè jókòó. Kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ tètè wú u báyìí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró. Ìtàn Ọdẹ́gbèmí ni mo fẹ́ sọ, ọdẹ Ìdósẹ̀gi, ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń tẹ̀ ba kó tó lè wọ yàrá ara rẹ̀, tó sì máa ń fọ́nnu tó bẹ́ẹ̀ tí Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, fi sọ lọ́jọ́ kan pé bó bá jẹ́ ẹnu ni ọkọ òun fi ń pa ẹran, kò ní ku ẹyọ ọ̀yà kan nínú igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ọkùnrin náà. Ohun tó bá fi fọ́nnu, ó ti ṣe é. Ó pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó bá iwin olórí méjì jìjàkadì létí odò, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Èwo nínú yín ló ti bá olórí kan ṣoṣo jà rí?

Ní ọdún tí Ọdẹ́gbèmí pé ọgọ́ta ọdún, ọba Ìdósẹ̀gi wàjà, àwọn afọbajẹ sì yan Adéwùsì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé adé jáde, wọ́n rí i pé ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ àpótí tó wà nínú rẹ̀. Adé ti já bọ́ lórí òkúta. Sẹ̀gi ńlá tó máa ń wà níwájú orí ọba, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó máa ń tàn bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, ti fọ́ yángá. Wọ́n ránṣẹ́ wá òmíràn káàkiri. Èyí tó ti òkè wá, ike ni. Èyí tó ti etí òkun wá, bí wọ́n ṣe da omi sí i báyìí ni àwọ̀ rẹ̀ ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́ ní ààfin nígbà tí Olóyè Awótóyè dé láti Àgbónmọ̀, ìlú tó múlé gbe Ìdósẹ̀gi. Ó wá kí ọba tuntun ni. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wá ń yọ yín lẹ́nu?" ó ní. "Ẹ wá àwọn àjèjì tó kó o wá fún àwọn baba yín lọ, kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Àbí ẹ rò pé ará Ìdósẹ̀gi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú nǹkan báyìí?"

Kò sí olóyè kan tó mọ ibi tí sẹ̀gi náà ti wá. Wọ́n bí wọn bá a lórí adé ni. Ìtìjú yìí wọ Ọdẹ́gbèmí lára ju ọfà lọ. Ó dìde, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

"Olóyè," ó ní, "ẹ̀rín yín dùn, ẹ fi ìyókù pamọ́. Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà lẹ́yìn Igbó Eléwé-Dígí, níbi tí wọ́n kó gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti fi dígí ṣe jọ sí, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ́ iyanrìn títí di òní. Bí ẹnì kan bá ṣe sẹ̀gi wa, iṣẹ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Èmi Ọdẹ́gbèmí ń lọ wò ó."

Adéwùsì, ọba tí a yàn tí a kò tíì dé ládé, tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, oṣù mẹ́ta ló kù," ó ní. "Bí ẹ ò bá tètè dé, adé fífọ́ ni wọn yóò fi dé mi lórí."

"Ọmọ ọba, ẹ máa tún ọrùn yín ṣe sílẹ̀," ni Ọdẹ́gbèmí dáhùn. "Sẹ̀gi wúwo."

Bó ṣe rìn, ohun tó jẹ lọ́nà, ẹ má bi mí. Ó rìn títí kò fi rí igi tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ó dé Igbó Eléwé-Dígí.

Igi ibẹ̀ ga bí ìrókò, ṣùgbọ́n èèpo wọn ń dán, ojú sì ń là wọ́n kọjá. Gbogbo ewé orí wọn, dígí tó mú bí abẹ ni. Oòrùn ń ta lu wọ́n, àwọ̀ oríṣiríṣi ń jó nílẹ̀. Inú Ọdẹ́gbèmí dùn, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sun ìjálá ara rẹ̀:

"Èmi Ọdẹ́gbèmí, géńdé tí í mi igbó kìjikìji,
Mo yọ lókè, ẹkùn ní òun gbàgbé nǹkan sílé…"

Kò tíì sọ ìlà kẹta tí ewé fi já láti òkè, tó gé e léjìká. Ó pariwo, mẹ́ta mìíràn já. Ìgbà náà ló yé e pé ohùn ènìyàn ló ń já ewé igbó náà, àgàgà ohùn ìfọ́nnu. Ó di ẹnu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn igi ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bú u!

"Ọdẹ, àbí ìwọ kọ́ ni ìnàkí lé kúrò lóko ara rẹ?" ni igi kan wí.

"Òun ni," ni èkejì dáhùn. "Ẹfọ̀n tó sọ pé òun pa, ṣebí ó ti kú kó tó dé ibẹ̀."

Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó! Ọdẹ́gbèmí, tí kò gbọ́ àbùkù kó má fèsì láti ìgbà tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ sọ! Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó rún un sẹ́nu, ó deyín mọ́ ọn. Igi ń pe ẹran tó pa ní irọ́, ó ń rìn. Igi ń pe ìbọn rẹ̀ ní ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó ń rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, èyí tó dàgbà jù nínú wọn rọra sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ bí ẹni ń ṣàánú: "Padà sílé, ọmọ mi. Àwọn baba rẹ kò ṣe nǹkan kan rí. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń gbé sórí." Omi bọ́ lójú Ọdẹ́gbèmí, ṣùgbọ́n kò tu fìlà náà jáde. Ìgbà tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ koríko òdìkejì ló tu ú. Ó wá yíjú padà, ó ki ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmí, ewé etí igbó náà sì dà wálẹ̀ gbàràgàdà bí òjò oníyìnyín.

Níwájú rẹ̀ ni ẹnubodè wà. Iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ojúmẹ́fà ló ń ṣọ́ ọ. Ojú mẹ́fà ló ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ríran dáadáa nínú wọn, torí náà awò ojú mẹ́ta ló to lé ara wọn lójú.

"Dúró!" ó ní. "Dáhùn kí o tó wọlé. Iyanrìn ni bàbá mi, iná ni ìyá mi. Mo dà bí omi, n kò lè pa òùngbẹ. Ojú ń gba inú mi kọjá, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà. Bí mo bá ṣubú ní ẹyọ kan, mo di ọgọ́rùn-ún. Kí ni mí?"

"Dígí ni ọ́," ni Ọdẹ́gbèmí wí. "Ejìká mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí gan-an mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó bá ti la igbó yẹn kọjá kò lè ṣàìmọ ìyẹn. Èkejì ni mo fẹ́ gbọ́. Ta lẹni tó kọ́kọ́ ṣe é?"

Ọdẹ́gbèmí ronú. Irọ́ tó dùn mẹ́rin ló wá sí i lọ́kàn, ó sì mọ̀ pé òun lè pa wọ́n kó bá ọ̀rọ̀ mu. Ṣùgbọ́n ó rántí ìdí tó fi wá.

"N kò mọ̀," ó ní. "Ohun tí mo wá wò gan-an nìyẹn."

Ojúmẹ́fà ṣí ẹnubodè. "Àwọn tó ń sọ pé àwọn mọ̀ ni mo máa ń lé padà," ó ní. "Gbé ìbọn àti àpò rẹ kọ́ síbí. Má fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé."

Ilé náà! Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ dígí, ògiri rẹ̀ jẹ́ dígí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé inú rẹ̀ bí onílé. Ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló jáde wá pàdé rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó fi òwú wé ẹsẹ̀ kó má baà dún nílẹ̀. Ìyá Kòjẹ́kóbàjẹ́ ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tọ́jú ibẹ̀.

"Káàbọ̀, ọdẹ," ó ní. "Máa tẹ̀ lé mi. Fi ojú jẹun, kí o ká ọwọ́ sẹ́yìn."

Nínú ilé náà, àkọlé ara ohun kọ̀ọ̀kan a máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀. Ìyá náà fi òkúta dúdú tó ti inú òkè oníná jáde han Ọdẹ́gbèmí, dígí tí ènìyàn kò ṣe. Ó fi iyanrìn tí mànàmáná yọ́ hàn án, ó rí págunpàgun bí gbòǹgbò. Wọ́n dé yàrá àwọn tó ń fi atẹ́gùn mọ dígí, níbi tí àwọn ère ọkùnrin ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀pá irin, tí ìgò sì ń wú jáde lẹ́nu ọ̀pá bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń bínú. Wọ́n dé yàrá fèrèsé aláràbarà, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé dà sórí gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, títí ó fi dà bí ọmọ ọba. Ìyá náà fi awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá hàn án, ó rí irun ẹsẹ̀ èèrà nínú rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèrà pé òun kò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó báyìí.

Yàrá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí ló dá a dúró jù. Ife kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó dà bí ẹni pé èémí lásán ni wọ́n fi mọ ọ́n.

"Ẹni tó ya àwòrán ife yìí," ni Ìyá Kòjẹ́kóbàjẹ́ wí, "ọdún méje ló fi ronú lórí ètè rẹ̀ nìkan, ibi tí ẹnu ènìyàn yóò ti kàn án."

Ọdẹ́gbèmí tẹrí ba fún ife náà. Ó ti dúró de ẹran fún ọjọ́ mẹ́ta rí lórí ẹ̀ka igi kan láìmira. Ó mọ ohun tí sùúrù jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti rí iṣẹ́ ìlú òkèèrè àti ti ìlú etí òkun, kò tíì rí ti Ìdósẹ̀gi. Nígbà tí wọ́n dé igun tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan tí ènìyàn kì í tètè rí, ó rí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléru kan, àwọn apẹ̀rẹ̀ sì tò yí i ká. Ìkòkò fífọ́ ló wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Dígí aláwọ̀ ojú ọ̀run lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò náà bí ẹ̀kọ tó jóná.

Àkọlé rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Inú igbó Ìdósẹ̀gi ni wọ́n ti rí i. Àwọn àjèjì ló gbé e gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ iṣẹ́ yìí."

Ojú Ọdẹ́gbèmí ṣú. Ẹ̀yin ará, irú àfọ́kù yìí kún ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀! Ọ̀kan ló gé e lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Irú ọmọrí yìí gan-an ni ìyá rẹ̀ fi ń bo ẹyin iná, ihò ìka mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí amọ̀kòkò ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Kó tó ronú, ó ti na ọwọ́, ó ti yí ọmọrí náà dojú dé. Ihò ìka mẹ́ta ló wà níbẹ̀!

Gbogbo ilé náà dún wooo. Ìgò, fèrèsé, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo wọn ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Kòjẹ́kóbàjẹ́ fọwọ́ bo etí.

"Ọdẹ, kí lo ṣe yìí?" ó ní. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan níbí gbọ́dọ̀ fi hàn pé tirẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà á di ohun tí à ń wò." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ère dígí bí ogún ló tò síbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọwọ́ gbogbo wọn nà síwájú.

Ọdẹ́gbèmí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ti ń di dígí, ó ń rí ilẹ̀ gba inú wọn. Òtútù ń gòkè.

"Tiwa ni," ó pariwo. "Àwọn ènìyàn mi ló ṣe é!"

"Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Iléru nìyẹn níwájú rẹ. Iyanrìn, òkúta, eérú, ìkarahun, kò sí ohun tí kò sí nínú àwọn apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn. Bí àwọn ènìyàn rẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ṣe é kí n rí i."

Ọdẹ́gbèmí kò ṣe dígí rí láyé rẹ̀. Òtútù dé orúnkún. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ dúró lórí ìkarahun ìgbín, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ìgbín ń wá nínú iṣẹ́ dígí. Bó ṣe bi ara rẹ̀ báyìí ni eré àtẹ́wọ́ kan sọ sí i lọ́kàn. Eré àwọn ọmọbìnrin Ìdósẹ̀gi ni. Abẹ́ní, ìyá ìyá rẹ̀, ló máa ń mú un jókòó kó bá òun pàtẹ́wọ́ rẹ̀, torí kò ní ọmọ ọmọ obìnrin kankan, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìlú gbà pé ọ̀rọ̀ sísè oúnjẹ ọmọláńgidi ni. Ọdẹ́gbèmí rọra pàtẹ́wọ́, ó ní:

"Iyanrìn òkè, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́fà,
Ìkarahun ìgbín, ẹ̀kúnwọ́ kan,
Òkúta aró bí èékánná,
Lọ̀ ọ́ kúnná, má bomi sí i,
Dé e kó má rí atẹ́gùn.
Bó bá pọ́n, má ṣí i,
Bó bá funfun, má ṣí i,
Bó bá ń kọrin, fà á, fà á, fà á."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ìyá àgbà," ó ní, "ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, n kò mọ̀!"

Ó wọn iyanrìn. Ó lọ ìkarahun àti òkúta aró, ó kó wọn sínú ìkòkò kan tó wà létí iléru, ó sì dé e. Kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó wà, torí ẹsẹ̀ dígí lè ṣẹ́, kò sì lè sún mọ́ iná jù, kó má baà yọ́. Ó tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, ó ń fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ fa ẹwìrì kí iná lè ràn. Ìkòkò pọ́n, ó lóun kò ṣí i. Ìkòkò funfun, òtútù ti dé ìdodo rẹ̀, ó lóun kò ṣí i. Ìyá Kòjẹ́kóbàjẹ́ ní kó ṣí i, pé àyè kò sí mọ́. Ó mi orí. Òtútù dé àyà. Nígbà náà ni ohùn tín-ín-rín kan jáde láti abẹ́ ọmọrí, bí ẹ̀fọn tó ń fò létí.

Ó ṣí i, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó fà á. Okùn iná jáde tẹ̀ lé irin. Ó we e mọ́ ọ̀pá, ó yí i, ó gé e. Nígbà tó tutù, ìlẹ̀kẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, ó wọ́ bí eyín ọ̀yà, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ojú ọ̀run. Ìyá náà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò fífọ́. Àwọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀jẹ̀ sì padà sí ẹsẹ̀ Ọdẹ́gbèmí pẹ̀lú ooru.

Ìyá Kòjẹ́kóbàjẹ́ pa ojú dé. "Èmi ni mo kọ́ àkọlé yẹn ní irọ́ tó ń pa," ó ní. "Àwọn tó gbé ìkòkò wá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò sì bi ẹnikẹ́ni ní Ìdósẹ̀gi. Jọ̀wọ́, má bínú. Orúkọ ta ni kí n fi síbẹ̀?"

Ọdẹ́gbèmí la ẹnu. Orúkọ ara rẹ̀ ti dé orí ahọ́n. Ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n ó wo ihò ìka mẹ́ta tó wà lábẹ́ ọmọrí. Ó fi ìka tirẹ̀ bọ̀ wọ́n, wọn kò gbà á. Ìka obìnrin ni.

"Ẹ jẹ́ kó máa sọ pé àwọn obìnrin Ìdósẹ̀gi ló ṣe é," ó ní. "Kó sọ pé a kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n a mọ ilé wọn."

Àkọlé sọ ọ́. Ọdẹ́gbèmí ní kó tún un sọ. Ó ní kó sọ ọ́ sókè kí àwọn yàrá yòókù gbọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin tí iwin olórí méjì kò lè gbé ṣubú jókòó sílẹ̀, ó fi gbérí nu ojú.

Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sílẹ̀ lórí tábìlì kó jẹ́ ẹ̀rí, ó gba ọ̀nà ilé. Igbó Eléwé-Dígí kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí ọba gorí ìtẹ́ nígbà tó wọ ìlú, ó sì lọ bá Àjíkẹ́ Alámọ̀, àgbà nínú àwọn amọ̀kòkò, tààrà.

"Eré àtẹ́wọ́?" ni Àjíkẹ́ bi í. "Ọdẹ́gbèmí, ṣé ara rẹ yá?"

"Ẹ kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá, kí ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Àjíkẹ́ kà á. Ó dé ibi ìkarahun ìgbín, ó yé e pé iṣẹ́ dígí ni, kì í ṣe oúnjẹ. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó pe gbogbo àwọn amọ̀kòkò.

Ìkòkò àkọ́kọ́ fọ́. Èkejì mú dígí jáde, ṣùgbọ́n ó dúdú bí omi ọ̀gọ̀dọ̀. Iná jó Àjíkẹ́ lápá ọ̀tún, ó jó o lápá òsì. Wọ́n ní kó sinmi, ó ní àwọn tó kọ eré yẹn náà kò sinmi. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ìkòkò kọrin, wọ́n sì fa sẹ̀gi jáde. Ó tóbi, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀ lápá kan, atẹ́gùn bíńtín kan sì há sínú rẹ̀ bí ìfófó ọṣẹ. Àwọn afọbajẹ ní kí wọ́n ṣe òmíràn tó gún régé. Adéwùsì gbé e lọ́wọ́, ó wò ó nínú oòrùn.

"Èyí ni mo fẹ́," ó ní. "Ẹni tó ṣe é ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an mọ́ adé."

Ní ọjọ́ ìgbadé, àwọn amọ̀kòkò ló ṣáájú àwọn olóyè. Ọba jáde, oòrùn bá sẹ̀gi, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run sì tú sórí ojú àwọn ènìyàn. Ìlú hó yèè. Kábíyèsí nawọ́ sí Àjíkẹ́ pé kó dìde kí wọ́n rí i. Àjíkẹ́ dìde. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sí afẹ́fẹ́, ó sì rọra yí ara rẹ̀ ká, kí gbogbo Ìdósẹ̀gi lè rí ojú ibi tí iná ti jó o.

Ibi tí ìtàn mi parí sí nìyí. Ẹ dìde, kí ẹ na ara, kí ẹ bá ara yín délé.